Bí mo ṣe fi tàbí kún èdè kóòdù kékeré tí mo kọ fún ọjà gaàrí

Èdè kóòdù kékeré kan wà tí mo fi Python kọ, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa ka àkọsílẹ̀ ọjà àǹtí mi tó ń ta gaàrí l'Ókè-Àjẹ, n'Ìjẹ̀bú-Òde níbí, kó sọ owó tó ti wọlé àtèyí tó ṣì wà níta. Oríṣi mẹ́ta péré ni àkọsílẹ̀ náà: Kéèṣì(iye), Tiransífà(iye, báńkì), Àwìn(iye, orúkọ). Pattern matching, ìyẹn fífi àkọsílẹ̀ wé àpẹẹrẹ tá a ti kọ sílẹ̀, ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀, ìlà kan fún oríṣi kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá gbàgbé ọ̀kan ó máa pariwo kó tó ṣiṣẹ́ rárá. Àyẹ̀wò yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀ jàre, torí àwìn tẹ́nì kankan ò bá rántí, owó ti lọ nìyẹn.

Ohun kan náà là ń ṣe fún kéèṣì àti tiransífà, kí n máa kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì wá sú mi, ni mo bá ní kó máa gba Kéèṣì(iye) tàbí Tiransífà(iye, _) ní ìlà kan (àmì _ ni pé ohunkóhun lè wà níbẹ̀). Parser, ìyẹn apá tó ń ka ohun tá a kọ kó lè yé kọ̀ǹpútà, ò le, ìlà díẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ẹ̀ niṣẹ́ wà. Orúkọ, bí iye, tí apá òsì bá mú, apá ọ̀tún gbọ́dọ̀ mú un náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kóòdù tó kàn á máa wá iye tí ò sí. Python àti Rust, èdè kóòdù ńlá mìíràn, ò gbà fún èèyàn bẹ́ẹ̀, èmi náà ò gbà.

Àbúrò mi kan ní Ṣágámù tá a jọ ń kọ kóòdù wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí tàbí wọ inú bírákẹ́ẹ̀tì náà, ṣebí recursion lásán ni, kóòdù tó ń pe ara ẹ̀." Lójú parser, òótọ́ ni. Àmọ́ ṣe ni àyẹ̀wò mi ń tú gbogbo tàbí sí ìlà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àyè mẹ́ta tó ní tàbí méjì-méjì á di ìlà 8, àyè mẹ́wàá á di 1,024. Ọgbọ́n wà téèyàn lè dá sí i o, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò mi ò ní jẹ́ ohun tí mo lè kà kó yé mi lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Rust gan-an, láti ìgbà tí ẹ̀dà 1.0 ti jáde ní 2015, ìta nìkan ló ń gbà á, ó di 1.53 lọ́dún 2021 kó tó jẹ́ kó wọnú.

Èyí tó wá jẹ́ kí n pinnu ni bí, ọ̀rọ̀ tó ń ní kí ìlà kan ṣiṣẹ́ kìkì tí ohun kan bá jẹ́ òótọ́. Ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: Àwìn(iye, _) bí iye > 20000, ká lè rí àwọn gbèsè ńlá, ìlà tó bá sì ní bí, àyẹ̀wò mi kì í kà á mọ́ èyí tó ti bo oríṣi yẹn torí ó lè kùnà. Ó dáa, ẹ wo (x, _) tàbí (_, x) bí x == 2, kẹ́ ẹ wá fún un ní (1, 2). Apá òsì bá a mu, x di 1, bí kùnà. Ṣé ká padà lọ dán apá ọ̀tún wò ni àbí ká máa lọ? Rust á padà lọ dán an wò, ìyẹn ni pé bí kan ṣoṣo lè ṣiṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Python ò ní padà, case (ìlà) tó kàn ló kọjá sí. Èdè ńlá méjì, ohùn wọn ò ṣọ̀kan, èwo ni kí n wá máa ṣàlàyé fún àǹtí mi?

Ni mo bá fi í sí ìta nìkan, oríṣi kan ò sì gbọ́dọ̀ fara hàn lẹ́ẹ̀mejì nínú tàbí kan náà. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ kan ò lè bá apá méjèèjì mu, ìbéèrè yẹn ò tiẹ̀ ní yọjú.

Àbúrò mi ṣì ń kùn. Mo ní kó bá mi wá àkọsílẹ̀ kan látọjà tí ò ṣeé kọ bẹ́ẹ̀, ó sì rí ọ̀kan lóòótọ́: oníbàárà tó san ìdajì ní kéèṣì, ìdajì ní tiransífà. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò kan tàbí, oríṣi tuntun ni, mo pè é ní Àdàpọ̀(kéèṣì, tiransífà), bí mo ṣe fi kún un báyìí ni àyẹ̀wò ti ń pariwo ní gbogbo ibi tí mi ò tíì kọ tiẹ̀ sí.