Àkójọ Orin Rọ́ọ̀kì Tí A Jọ Ń Tò Ní Àkúrẹ́

Ẹ fi líǹkì orin rọ́ọ̀kì, orin tí gìtá oníná àti ìlù ńlá gbé dúró, ránṣẹ́ sí ọmọ Àkúrẹ́ tí etí rẹ̀ kò mọ̀ ju jùjú, fújì àti Afrobeats lọ, kí ẹ má sọ nǹkan kan mọ́ ọn. Kò ní tẹ̀ ẹ́. Bó bá sì tẹ̀ ẹ́, kò ní gbọ́ ọ dópin. Ohun tí mo fi sọ́kàn nìyẹn nígbà tí mo fẹ́ to playlist fún àwa ọ̀rẹ́ tí a jọ wà nínú gúrúùpù WhatsApp kan. Mi ò kọ́kọ́ wo orin tí èmi fẹ́ràn. Àwọn tó máa gbọ́ ọ ni mo wò.

Ọ̀kan jẹ́ onígbàjámọ̀ nítòsí South Gate FUTA. Ọ̀kan ń ta kéèsì àti ṣájà fóònù ní Ọjà Ọba. Ọ̀kan jẹ́ tíṣà, òun ló ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan. Bàbá onílé mi náà wà níbẹ̀, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká, àwo Orlando Owoh ló sì kún pálọ̀ wọn. Nígbà tí mo dárúkọ rọ́ọ̀kì, onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ fèsì: “Ẹ̀gbọ́n, àwọn òyìnbó onírun gígùn tó máa ń pariwo yẹn?”

Orin àkọ́kọ́ tí mo fi síbẹ̀ kì í ṣe rọ́ọ̀kì rárá. Sunny Adé ni, ọmọ ọba Oǹdó, láti inú àwo Juju Music tó jáde ní 1982. Gìtá tí Demola Adepoju tẹ́ sílẹ̀ gbalaja tó ń ta níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́, èyí tó máa ń fa ohùn gùn, tí ohùn náà á sì máa gbọ̀n. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ẹ fi ọ̀rọ̀ orin sílẹ̀ ná, gìtá ni kí ẹ tẹ̀ lé.” Ẹni tó bá ti lè tẹ̀ lé gìtá nínú orin jùjú, rọ́ọ̀kì kò ní ṣòro fún un mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni mo gbé Sister Rosetta Tharpe lé e. Wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Arkansas ní Amẹ́ríkà ní 1915, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì paraku, ó sì ti ń gba orin sílẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń pè ní bàbá rọ́ọ̀kì ṣì jẹ́ ọmọdé. Strange Things Happening Every Day, tó gbà sílẹ̀ ní 1944, ni mo yàn. Orin ẹ̀mí ni, àmọ́ gìtá oníná tó wà níbẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn jókòó jẹ́ẹ́. Mi ò sọ fún wọn pé rọ́ọ̀kì ni. Mo kàn ní, “Ìyá ṣọ́ọ̀ṣì kan rèé.” Kí ilẹ̀ tó ṣú, tíṣà ti fi ohùn ránṣẹ́. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. A kàn ń gbọ́ ọ tó ń wá ibi tí obìnrin náà fi ìka sí lórí okùn. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣì í, ó tún un tẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ń pè é látẹ̀yìn pé kó wá jẹun.

Ibẹ̀ ni mo ti mú wọn wá sí Èkó. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà ta rọ́ọ̀kì gan-an láyé 1970 sí nǹkan. Ẹgbẹ́ olórin BLO bẹ̀rẹ̀ ní 1972, àwọn mẹ́ta, Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu. Àwo wọn, Chapter One, jáde lọ́dún kejì. Àwọn Ofege ní tiwọn, ọmọ ilé ìwé St. Gregory's ni wọ́n nígbà tí wọ́n ṣe àwo Try and Love. Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Cream ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wakọ̀ gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí Èkó, ó sì dá ilé ìgbohùnsílẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Paul McCartney, tó wà nínú ẹgbẹ́ Beatles tẹ́lẹ̀, náà wá sí Èkó ní 1973 wá ṣe àwo Band on the Run. Bàbá onílé mi kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. “Ẹ̀yin ọmọ yìí, orin tí a fi jó nígbà tí à ń wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu fífẹ̀ lẹ wá ń kọ́ mi!” Láti ọjọ́ náà, àwọn ló ń kọ́kọ́ tẹ orin tuntun.

Jimi Hendrix, onígìtá ará Amẹ́ríkà, ni mo pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Voodoo Child (Slight Return), ti 1968, ni mo mú. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wah-wah. Bó bá fi ìka ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ síwájú, ohùn gìtá á là, á mú. Bó bá fi gìgísẹ̀ dá a padà, ohùn á wálẹ̀, á dì. Mo ní kí wọ́n rántí bí onígángan ṣe ń fún ọṣán mọ́ra lábẹ́ apá. Níbẹ̀rẹ̀ orin náà, gìtá kò tíì mú ohùn kankan, ó kàn ń dún wàkà-wàkà. Ọmọ Ọjà Ọba ní, “Ó ń sọ̀rọ̀! Kí ló ń sọ?” Ló bá di pé kálukú ń fi ọ̀rọ̀ sí gìtá lẹ́nu, bí a ti ń ṣe sí ìlù. Onígbàjámọ̀ ní “Wá sanwó, wá sanwó” ló ń wí. Tíṣà ní irọ́ ni, ó ń bú ẹnì kan ni.

Ẹgbẹ́ Black Sabbath, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo fi sí ìparí, mo sì sọ ìtàn kí n tó fi orin sílẹ̀. Tony Iommi, onígìtá wọn, ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin ní Birmingham, ẹ̀rọ gé orí ìka rẹ̀ méjì, lọ́wọ́ tó fi ń tẹ okùn gìtá gan-an. Ó yọ́ ike, ó fi ṣe ìbọ̀ka. Nígbà tó yá, ó tún dẹ okùn kí ó má bàa le jù fún ìka rẹ̀, ohùn gìtá sì wá wúwo. Ẹ̀yìn èyí ni mo fi Iron Man sílẹ̀. Onígbàjámọ̀ gbọ́ ọ tán. Ó ní ariwo ṣì ni o, àmọ́ ariwo tó nídìí.

Ti inú fóònù kò le. Spotify la lò. Èèyàn á ṣí àkójọ tuntun, á sọ ọ́ lórúkọ, á pe àwọn yòókù kí wọ́n lè fi orin kún un. Dátà ló ń dẹ́rù bani. Bí ẹ bá fi ìdára ohùn sí ìwọ̀n 96 kbit/s, wákàtí kan kò ju bíi MB 43 lọ. Bí ẹ bá gbé e sí 320, ó ti ń lọ sí MB 144. Íàpíìsì kékeré tí a ń kì bọ etí kò mọ ìyàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo la fi sí i: orin kan lẹ́nì kan lọ́sẹ̀, kí olúwarẹ̀ sì fi ohùn sọ ìdí tó fi yàn án. Ẹni tí kò bá sọ ìdí, a ó yọ tirẹ̀. Ọmọ Ọjà Ọba bínú gan-an nígbà tí a yọ tiẹ̀. Àmọ́ láìsí òfin, ẹnì kan á da àádọ́ta orin síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, kò sí ẹni tó máa padà síbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ọmọ Ọjà Ọba máa padà wá, Mdou Moctar ló gbé wá, ọmọ Tuareg láti orílẹ̀-èdè Niger, ọlọ́wọ́ òsì bíi Hendrix. Pákó àti wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló fi ṣe gìtá tó kọ́kọ́ ní. Afrique Victime, ti 2021, ni. Èmi tí mo dá àkójọ sílẹ̀, mi ò gbọ́ orúkọ ọkùnrin náà rí, orílẹ̀-èdè rẹ̀ sì bá Katsina pààlà.

Ọ̀sẹ̀ yìí kan Bàbá onílé. Wọ́n ti kéde pé Fẹlá làwọn máa fi síbẹ̀. Mo ní Fẹlá kì í ṣe rọ́ọ̀kì. Wọ́n ní kí n wo ẹ̀yìn àwo Live! ti 1971, ṣé kì í ṣe Ginger Baker tí mo ń pariwo orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀? Tíṣà àti onígbàjámọ̀ ti gbè sẹ́yìn wọn. Wọ́n ti fi í síbẹ̀ kí n tó dáhùn.