Ẹ́ńjìnnì tó ń kú lórí òkè: bí mo ṣe wá ìdí rẹ̀ rí nínú ọkọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe

Ẹ́ńjìnnì tí ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin mi ń lò tẹ́lẹ̀ ti gbó kọjá àtúnṣe, nítorí náà mo tú ẹ́ńjìnnì 196 cc kan kúrò lára ẹ̀rọ tí a fi ń fa omi, mo sì gbé e sẹ́yìn ìjókòó awakọ̀. Èmi fúnra mi ni mo jó irin ọkọ̀ náà mọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì rò pé kò sí ohun tó le nínú kí a yọ ẹ́ńjìnnì kan kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣéènì ni ó kọ́kọ́ kúrú, ni mo bá ki irin pẹlẹbẹ sábẹ́ iwájú ẹ́ńjìnnì kí ó lè fì sẹ́yìn títí ṣéènì fi dé ibi tí ó yẹ. Irin pẹlẹbẹ yẹn ni ó kó mi sí wàhálà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ̀ nígbà náà.

Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ́ńjìnnì náà ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé inú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n bí i sí. Bí mo bá kọjú rẹ̀ sí òkè, kò ní í pẹ́ tí yóò fi kú lójijì, láìwúkọ́, láìfà, bí ìgbà tí ènìyàn pa suwíìṣì. Mo máa ń ti ọkọ̀ náà padà sí ilẹ̀ títẹ́jú, mo máa ń yẹ plọ́ọ̀gì wò, mo sì máa ń rí i pé ó ń ta iná dáadáa. Bí mo bá tún fa okùn, ẹ́ńjìnnì á dáhùn.

Nítorí pé ó máa ń jí lẹ́yìn ìsinmi díẹ̀, mo gbà pé kọ́ìlì, ohun tó ń fún plọ́ọ̀gì ní iná, ni, torí kọ́ìlì tó ti ń bàjẹ́ lè ṣiṣẹ́ nígbà tó tutù, kí ó dákẹ́ nígbà tó bá gbóná, kí ó sì tún padà lẹ́yìn tí ó bá tutù. Mo ra kọ́ìlì tuntun. Mo tún àlàfo ẹnu plọ́ọ̀gì ṣe sí mílímítà 0.7, mo sì wọn àlàfo fáàfù méjèèjì nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù: 0.15 fún èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, 0.20 fún èyí tó ń tú èéfín jáde. Gbogbo rẹ̀ pé, síbẹ̀ ó tún kú ní ojú ibi tó ti ń kú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé e gun òkè náà láìjẹ́ kí ó gbóná rárá, ó sì kú níbẹ̀ nígbà tí mo ṣì lè fi ọwọ́ kan ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ooru ṣe bọ́ nínú ẹjọ́ náà, owó kọ́ìlì sì ti lọ.

Ìgbà náà ni mo tó rí i pé ilẹ̀ títẹ́jú ni mo ti ń yẹ ẹ́ńjìnnì wò ní gbogbo ìgbà, bí ìyá tó gbé ọmọ tó ké mọ́jú lọ bá oníṣègùn, tí ọmọ sì dákẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mo wá fi òkúta dí ẹ̀yìn táyà lórí òkè gan-an. Plọ́ọ̀gì míràn ni mo fi dán iná wò, mo fi ti inú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ní ipò rẹ̀ kí epo tó ń fẹ́ jáde má baà gbiná. Mo fa okùn, kò ta iná rárá. Mo tú wáyà tó jáde láti ìsàlẹ̀ ibi tí ọ́ìlì wà, mo tún fà á, iná sì ta.

Wáyà yẹn wá láti ara ohun kan tó ń léfòó nínú ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, nǹkan náà á bọ́ sílẹ̀, á sì so kọ́ìlì mọ́ ara irin ẹ́ńjìnnì kí plọ́ọ̀gì má lè ta iná mọ́. Ó rọrùn kí a já wáyà náà dànù, kí a sì máa bá ìrìn lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n irú ẹ́ńjìnnì yìí kò ní ohun tó ń fa ọ́ìlì sókè: ṣíbí kékeré kan ni ó ń bu ọ́ìlì ká inú rẹ̀, bí ọ́ìlì bá sì ti sá fún ṣíbí náà, irin ni yóò máa ha irin. Dígíìrì 20 ni òdiwọ̀n tí kò yẹ kí ó fì kọjá. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, òkè náà jẹ́ 12, irin pẹlẹbẹ mi sì ti fi 10 kún un. Mo da ọ́ìlì inú rẹ̀ jáde, lítà 0.45 péré ni mo bá dípò 0.6, nítorí ẹnu ihò ẹ̀yìn tí a ń rọ ọ́ìlì sí, tó ti rẹlẹ̀, ni mo fi ń wo bí ó ṣe kún tó, ọ́ìlì sì ti ń ṣàn jáde kí ó tó pé.

Mo yọ irin náà, mo lu ihò tuntun, mo so ojú ṣéènì méjì kún un, mo rọ lítà 0.6, mo sì dá wáyà padà.

Ẹ́ńjìnnì gun òkè náà kọjá ojú ibi ikú rẹ̀, ó sì tún kú nígbà tó kù díẹ̀ kó dé orí. Ṣùgbọ́n ikú yìí yàtọ̀: ó kọ́kọ́ ń wúkọ́, agbára rẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀, kí ó tó dákẹ́. Epo nìyẹn. Ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ni mo gbé táńkì sí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 5 péré ga ju kabúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, lọ, àárín wọn sì jẹ́ 40. Lórí òkè dígíìrì 12, ẹ̀yìn á rẹlẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8, nítorí náà bí epo inú táńkì bá ti dín kù, kò ní lè ṣàn gòkè lọ bá kabúrétọ̀. Mo jó ẹsẹ̀ irin kan, mo gbé táńkì ga sí sẹ̀ǹtímítà 20, mo sì rí i pé ó jìnnà sí sáìléńsà.

Mo gun òkè náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú epo tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin táńkì, kò kú. Kọ́ìlì àtijọ́ ni mo dá padà sẹ́nu iṣẹ́. Tuntun wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi.