Ẹ dán nẹ́tíwọ̀kì wò lálẹ́ kí ẹ tó ra ráùtà
Ẹ̀yin èèyàn wa, kí ẹ tó sanwó ráùtà 5G, ẹ̀rọ tó ń pín ìntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé, ẹ kọ́kọ́ fi fóònù dán nẹ́tíwọ̀kì yẹn wò nínú yàrá tí ẹ máa gbé e sí, láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́. Ẹ ra dátà díẹ̀ sórí síìmù ilé-iṣẹ́ náà, ẹ pa Wi-Fi, ẹ ṣí fast.com, ìkànnì tó ń wọn bí ìntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yára tó. Ẹ ṣe é lálẹ́ mẹ́ta. Ìdí ni pé òpó nẹ́tíwọ̀kì kan náà ni ráùtà yín àti fóònù gbogbo àdúgbò jọ ń lò. Ohun tó ń sáré láàárọ̀ lè máa wọ́ bí ìgbín nígbà tí kálukú bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ má gbára lé nọ́ńbà ọ̀sán tí àwọn tó ń tà á máa ń fi hàn yín. Bí nọ́ńbà tí fast.com fi hàn kò bá tó 10 Mbps lálẹ́, ẹ béèrè bóyá okùn fáíbà ti dé àdúgbò yín: ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú okùn yẹn kọjá, kì í bá fóònù ẹnikẹ́ni du òpó. Ní ti Starlink, ìntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti sátẹ́láìtì wá, ojú ọ̀run gbalasa ló ń fẹ́. Áàpù rẹ̀ máa fi kámẹ́rà fóònù yẹ òkè wò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ó sì rí i bóyá igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé máa dí i. Starlink ń jẹ iná ju ráùtà lásán lọ o, ẹ̀yin tó ń lo inverter. Ibi tí ìdánwò alẹ́ yìí kù sí ni pé fóònù 4G kò lè sọ bí 5G ṣe máa rí; ẹ yá ti ẹni tó ní 5G.