Bí A Ṣe Ń Se Àdàlù Tí Purotéènì Rẹ̀ Pé
Iyán ni ọba oúnjẹ lọ́dọ̀ wa ní Èkìtì, ṣùgbọ́n purotéènì inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ásíìdì amínò 20 ni ara ń so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ láti fi ṣe purotéènì, inú oúnjẹ nìkan ni àgbàlagbà sì ti ń rí 9 nínú wọn. Láísìnì, ọ̀kan nínú 9 yìí, pọ̀ nínú ẹ̀wà, ó ṣọ̀wọ́n nínú àgbàdo. Mẹtiónìnì, òmíràn nínú wọn, tí ẹ̀wà kò ní tó, àgbàdo ní i. Ìdí nìyí tí purotéènì fi ń pé bí a bá pa ẹ̀wà àti àgbàdo pọ̀ ṣe àdàlù. Ẹ se ẹ̀wà títí yóò fi fẹ́ rọ̀, kí ẹ tó da àgbàdo tútù sí i, pẹ̀lú epo, ata àti iyọ̀ (èmi kì í fi ṣúgà sí i). Ẹ jẹ́ kó jinná dáadáa, nítorí ooru ló ń tú purotéènì tó ká jọ bí òwú, tí ikùn fi ń rí i gé wẹ́wẹ́.