Bí ẹ ṣe lè múra sílẹ̀ fún àyẹ̀wò ara tí VA bá ní kí ẹ wá ṣe

Ọmọ Àjàṣẹ́, Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin tí lọ́tìrì físà gbé dé Amẹ́ríkà, tó ṣe iṣẹ́ sójà níbẹ̀, tí iṣẹ́ náà sì dá àìsàn tàbí ìpalára sí lára, ní ẹ̀tọ́ láti béèrè owó oṣooṣù lọ́wọ́ VA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ajagunfẹ̀yìntì, yálà ó ṣì ń gbé lọ́hùn-ún tàbí ó ti padà wálé. Kí VA tó dáhùn, ó sábà máa ń ní kí ẹni náà lọ ṣe àyẹ̀wò, lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dọ̀ dókítà iléeṣẹ́ aládàáni tó gba iṣẹ́ náà ṣe, irú bíi QTC tàbí VES. Dókítà yìí kò ní tọ́jú yín, kò ní kọ oògùn fún yín, kò sì ní gba owó lọ́wọ́ yín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ ohun tó rí àti ohun tó gbọ́ sínú fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní DBQ. Òṣìṣẹ́ VA tí kò ní fojú kàn yín rárá ni yóò ka fọ́ọ̀mù náà, tí yóò sì pinnu bí àìlera yín ṣe tó, láti orí òdo títí dé ìdá 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí kò bá wọ inú ìwé, òun kò mọ̀ ọ́n.

Fóònù ni nǹkan ti máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Iléeṣẹ́ aládàáni náà ni yóò pè yín tàbí kí ó kọ̀wé sí yín láti mú ọjọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, gbogbo nọ́ńbà fóònù ilẹ̀ Benin kúrò ní 8, ó di 10, pẹ̀lú 01 níwájú. Bí nọ́ńbà àtijọ́ bá ṣì wà nínú ìwé yín, ẹni tó ń pè kò ní rí yín bá sọ̀rọ̀. Ẹ lọ yí i padà sí +229 01, kí ẹ sì fi ímeèlì kún un, nítorí lẹ́tà tí wọ́n kọ “ẹ̀yìn ọjà Ouando” sí lára, àánú Ọlọ́run nìkan ló lè gbé e délé.

Bí ọjọ́ tí wọ́n mú kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ tètè pè wọ́n kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ má kàn jókòó sílé. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ béèrè nìyẹn, ohun tó wà nínú fáìlì nìkan ni wọn yóò fi dájọ́. Bó bá jẹ́ àfikún ni ẹ ń béèrè, wọn yóò kọ̀ ọ́ ni. Òfin gbà pé àìsàn, ìdúbúlẹ̀ nílé ìwòsàn tàbí ikú ẹbí tímọ́tímọ́ jẹ́ àwíjàre. Ṣùgbọ́n ìnáwó òkú àbúrò ìyá bàbá yín ní Sábẹ̀ẹ́, tí àwa kà sí ọ̀ràn-anyàn, ó ṣòro kí wọ́n kà á mọ́ ọn.

VA ni kí ẹ fi ìwé ilé ìwòsàn tuntun ránṣẹ́ sí ṣáájú ọjọ́ àyẹ̀wò, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá dé iwájú dókítà. Kí ẹ̀yin fúnra yín tún ka fọ́ọ̀mù tí ẹ kọ, kí ọdún àti ibi tí ẹ ó dárúkọ má baà yàtọ̀. VA kò ní kí dókítà fi gbogbo ẹnu sọ pé iṣẹ́ sójà ló fa àìsàn náà. Bí ó bá ti rí i pé ó ṣe déédéé, pé ó lè jẹ́ iṣẹ́ náà, ó sì lè má jẹ́ òun, ẹ̀yin ni òfin gbè.

Ohun tó máa ń pa àwọn ará wa lára jù lójú tèmi ni ìwà ọmọlúàbí. Wọ́n tọ́ wa pé bí èèyàn bá kí wa, a kì í ka àrùn ara sí i létí. A ó ní a dúpẹ́, ara le. Dókítà yóò kí yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó ní ara le, yóò sì kọ ọ́ pé ara le. Ẹ kí i dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tàbí orúnkún, ẹ sọ bó ṣe rí, pàápàá bó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tó bá burú: ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù, báwo ló ṣe ń pẹ́ tó, kí ni ẹ kì í lè ṣe lọ́jọ́ náà. Dókítà kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹnu yín ni yóò ti gbọ́ ọ.

Kí ẹ kàn ní ó ń dùn yín kò tó. Bí ẹ kò bá lè dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n bàbá yín mọ́, tó jẹ́ pé ẹ kàn ń tẹrí ba, tí àwọn àgbà sì ti ń wò yín bí ẹni tó kó ìgbéraga bọ̀ láti òkè òkun, ẹ̀rí gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n dókítà kò mọ ìdọ̀bálẹ̀. Ẹ ṣàlàyé fún un pé èèyàn máa ń na gbogbo ara sílẹ̀ ni, tí yóò sì fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde, àti pé ibi ìdìde ni ẹ̀yìn yín ti máa ń há. Bákan náà ni gígun zém, ọ̀kadà tiwa: ẹsẹ̀ wo ni kò ṣeé gbé kọjá ìjókòó? Mùsùlùmí tó ti ń kírun lórí àga, kí ó sọ ọ́.

Ní ti ẹ̀yìn, wọn yóò ní kí ẹ tẹ ara síwájú láti ìbàdí, wọn yóò sì wọ̀n ọ́n ní dígírì. Ẹni tí ara rẹ̀ pé máa ń tẹ̀ dé 90. Bí tiyín bá kọjá 60 tí kò sì kọjá 85, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọn yóò ka àìlera yín sí. Bó bá kọjá 30 tí kò kọjá 60, ìdá 20. Bí kò bá kọjá 30, ó di ìdá 40. Akínkanjú tó di eyín, tó tẹ̀ dé ilẹ̀ kí dókítà má baà fojú ọ̀lẹ wò ó, ara rẹ̀ ló ṣe. Níbi tí ìrora bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ọ́ síta, kí ẹ sì ní kí ó kọ ọ́. Bí ẹ bá lo oògùn ìrora láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ sọ ìyẹn pẹ̀lú.

Àyẹ̀wò etí ní ọ̀fìn tirẹ̀ fún àwa tí a ń sọ Yorùbá àti Faransé. Yàtọ̀ sí ohùn tí wọ́n máa ń tẹ̀ sí yín létí, wọ́n tún máa ń ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéékèèké tí ẹ ó máa pè padà. Bí ẹ bá ṣì í, ó lè jẹ́ etí ni, ó sì lè jẹ́ èdè, èsì tí kò bá ara mu sì lè mú kí wọ́n fura sí yín. Òfin gbà kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé èdè ni ìṣòro, kí wọ́n sì lo ìdánwò ohùn nìkan. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti rán an létí. Ẹ yọ ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kúrò létí.

Ní ti àìsàn ọkàn, ìyẹn ti ìrònú, kì í ṣe ti àyà, ìbéèrè ni gbogbo rẹ̀: oorun, ìbínú, ìbẹ̀rù, ọtí. Ìyàwó máa ń mọ̀ ju ọkọ lọ nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóru. Fọ́ọ̀mù 21-10210 ni ó lè fi jẹ́rìí.

Ẹ má ṣe àsọdùn o. Dókítà ń wo bí ẹ ṣe jókòó àti bí ẹ ṣe bọ́ bàtà. Ẹni tó tiro wọlé tó sì sáré jáde ti ba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́. Ẹ sá fún ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun kọ́ yín ní ìdáhùn.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ kọ bó ṣe pẹ́ tó, ohun tí wọ́n wọ̀n àti ohun tí wọn kò béèrè. VA ni ẹ ó béèrè ẹ̀dà èsì lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù 20-10206. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n kọ iye dígírì sílẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n ẹ̀yìn yín, ẹ kọ̀wé sí VA kíákíá kí wọ́n tó dájọ́. Bí ìdájọ́ bá ti jáde, ọdún 1 ni ẹ ní láti ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò.