Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ bí ẹ bá fẹ́ sùn mọ́jú létí odò ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Èyí tó léwu jù ni kí ẹ pàgọ́ sórí iyanrìn tó tẹ́jú létí omi. Ibẹ̀ wuni lóòótọ́: kò sí gbòǹgbò, ó rọ̀ fún ẹ̀yìn, atẹ́gùn sì ń fẹ́. Ṣùgbọ́n odò ló kó iyanrìn náà síbẹ̀, odò yẹn náà ló sì máa padà wá kó o. Ojú ọ̀run nìkan kọ́ lẹ máa wò. Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Kó tó dé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, omi odò kéékèèké púpọ̀ ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Òjò tó rọ̀ lọ́nà òkè lánàá lè mú kí omi kún lóru òní níbi tí ẹ̀kán òjò kan ò ti kán. Odò kékeré bí Ìbù ní Rẹ́mọ kì í tilẹ̀ dúró di ọjọ́ kejì kó tó kún.

Kí ẹ tó na àgọ́, ẹ wo ara àwọn igi etí odò dáadáa. Ẹ ó rí ewé gbígbẹ, pàǹtírí àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó há sí ẹ̀ka. Ibẹ̀ ni omi dé nígbà tó kún kẹ́yìn. Ẹ gun òkè ju ibẹ̀ lọ, ó kéré tán mítà 2. Lẹ́yìn náà, ẹ ri igi kan mọ́ etí omi, kí ẹ fi ọ̀bẹ ṣá a níbi tí omi mọ. Bí omi bá bo àpá yẹn, tàbí tó pọ́n, tó ń gbé igi àti ewé bọ̀, ẹ kó ẹrù lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ló dára jù. Oṣù Kẹfà, Keje, Kẹsàn-án àti Kẹwàá kì í ṣe àsìkò à ń sùn létí odò rárá.

Àwọn míì máa ń dé nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ rí i pé ẹ ti gúnlẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, torí iná tọ́ọ̀ṣì kò ní fi ẹ̀ka gbígbẹ tó wà lókè orí hàn yín, kò sì ní fi ọ̀nà ìjàlọ hàn. Bí ìjàlọ bá ya wọ àgọ́ lóru, ẹ má bá wọn jà: ẹ bọ́ síta, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá. Oúnjẹ tó dà sílẹ̀ lè pè wọ́n. Nínú igbó Ọmọ, nítòsí abúlé tí wọ́n ń pè ní J4, erin ṣì wà níbẹ̀. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó wọlé, ẹ má sì pàgọ́ sójú ọ̀nà tí ẹranko ti là lọ sódò.

Ọ̀rọ̀ omi mímu ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. Àwọn tó ń wa góòlù lọ́nà Ìjẹ̀ṣà ti ba omi Ọ̀ṣun jẹ́. Sísè ń pa kòkòrò, kì í yọ mákúrì tàbí òjé kúrò. Ẹ gbé omi yín láti ilé, lítà 5 fún ẹnì kan fún alẹ́ kan. Bó bá jẹ́ odò tí kò ní irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ omi rẹ̀, ẹ sè é títí yóò fi máa hó yàà fún ìṣẹ́jú kan. Gaàrí ló sì máa ń tú àwọn èèyàn fó. Wọ́n á fara balẹ̀ se omi tí wọ́n fẹ́ fi po tíì, wọ́n á wá bu omi odò tútù sí gaàrí Ìjẹ̀bú, torí omi tútù ló bá a mu. Ẹ se omi gaàrí pẹ̀lú, kí ẹ jẹ́ kó tutù.

Ẹ má wẹ̀ nínú omi tó dúró sójú kan tí ìgbín wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àtọ̀sí ajá ti ń ranni. Níbi tí omi ti ń sáré lórí òkúta, àwọn eṣinṣin dúdú kéékèèké tó ń jẹni lójú ọ̀sán ló ń kó inárun ranni. Àwọ̀n ẹ̀fọn alẹ́ kò lè gbà yín lọ́wọ́ wọn, aṣọ alápá gígùn àti ṣòkòtò gígùn ló lè ṣe é.

Ẹ kí baálẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá Orò tàbí Agẹmọ ń bọ̀. Bí Orò bá jáde, obìnrin kì í rìn níta. Bí àwọn Agẹmọ bá sì ń rìn lọ sí Ìmósàn, obìnrin kò gbọdọ̀ rí wọn lójú ọ̀nà. Níbi tí wọ́n bá ta màrìwò sí, ẹ yà.

Ẹ má gbé ààrò èédú wọ inú àgọ́ nítorí òtútù ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pa ẹni tó sùn. Níta náà, ẹ gbá ewé kúrò yí iná ká ní mítà 2. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ da omi sí i, ẹ fi igi ro eérú pọ̀, ẹ tún da omi sí i, títí ẹ ó fi lè gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e láìjẹ́ pé ó gbóná.