Àṣìṣe àwọn tó ń ra tẹlifíṣọ̀n ńlá láti fi ṣe sinimá inú ilé

Gbogbo tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n tò sí iwájú ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Alaba l'Ékòó, irú fídíò kan náà ni wọ́n sábà máa ń gbé: ẹja aláràbarà tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tó mọ́ gaara, ọsàn tí wọ́n là sí méjì tí omi rẹ̀ ń ta sókè, ìlú òyìnbó lóru tí iná ń tàn yòò. Ẹ ò ní bá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ẹ ò sì ní bá fíìmù Yorùbá. Ó nídìí. Wọ́n dìídì ya fídíò yẹn kí ó lè buyì kún ojú ẹ̀rọ ni, wọ́n sì ti gbé ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ nawọ́ sówó ti ṣe àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí: ṣọ́ọ̀bù ló ra tẹlifíṣọ̀n fún, kì í ṣe ilé rẹ̀.

Vivid tàbí Dynamic, ìyẹn ètò àwòrán tó mọ́lẹ̀ jù, ni wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ sí ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gba rìmóòtù lọ́wọ́ wọn, kí ẹ yí i sí Movie, Cinema tàbí Filmmaker Mode. Àwòrán á kọ́kọ́ dà bíi pé ó ṣú, ẹ mú sùúrù díẹ̀, ojú á mọ̀ ọ́n lára. Nígbà yẹn lẹ máa rí i pé ojú àwọn òṣèré kò pọ́n mọ́ bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kun osùn. Lẹ́yìn náà, ẹ ki flash tiyín bọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ti gbọ́dọ̀ fi fíìmù kan tí ẹ mọ̀ dunjú sórí rẹ̀ láti ilé, èyí tí ìran òru wà nínú rẹ̀, àti bọ́ọ̀lù díẹ̀. Ibi tó ṣókùnkùn ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bí dúdú bá di àwọ̀ eérú, tàbí tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ ní igun kọ̀ọ̀kan níbi tí kò yẹ kí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ ti mọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́, ẹja aláràbarà kò lè fi í pamọ́ mọ́.

Orúkọ tí wọ́n kọ sára páálí tún máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. LED àti QLED, ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn ojú àwọn méjèèjì. QLED kàn ní ohun tó ń jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ sí i ni. Mini-LED náà ní ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn, àmọ́ àwọn gílóòbù rẹ̀ kéré, wọ́n pọ̀, ó sì lè pa ti apá kan kí ó tan ti apá kejì. Nínú gbogbo wọn, OLED nìkan ni ààmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán (pixel) kọ̀ọ̀kan ń tan ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀, tó sì lè kú pátápátá, òun ló fi jẹ́ pé dúdú rẹ̀ dúdú kirikiri. Ẹni tó bá ní yàrá tó lè ṣókùnkùn dáadáa, tó sì ń wo fíìmù lálẹ́, owó OLED kò ṣòfò lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ pálọ̀ tí fèrèsé gílásì rẹ̀ fẹ̀, tí kọ́tìnnì rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí oòrùn ọ̀sán ń wọ̀ gbuuru, Mini-LED tó mọ́lẹ̀ dáadáa ni màá ní kí wọ́n rà síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé tí bàbá ti ń tan ìròyìn láti àárọ̀ títí di alẹ́: àmì ìkànnì tó dúró sójú kan lójoojúmọ́ lè fi àpá sílẹ̀ lójú OLED, àpá náà kì í sì í kúrò.

Èyí tó kù ni nọ́ńbà bíi 240 tí wọ́n ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ Motion. Nọ́ńbà ìpolówó ni. Ẹ bi wọ́n léèrè iye Hz tí ojú rẹ̀ ní gan-an, ìyẹn iye ìgbà tó ń pààrọ̀ àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 60 tàbí 120 ni ìdáhùn sábà máa ń jẹ́. Àwòrán 24 ni wọ́n fi ń ya ìṣẹ́jú-àáyá kan fíìmù sinimá. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n á wá máa dá àwòrán tirẹ̀ sí àárín kí ó lè máa yọ̀ geere. Ó dáa fún bọ́ọ̀lù. Fún fíìmù, ìbàjẹ́ ni. Tom Cruise àti olùdarí fíìmù Christopher McQuarrie gbé fídíò jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2018 láti fi bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n pa ètò tó ń dá àwòrán sí àárín yìí nílé wọn, ẹ̀bẹ̀ yẹn sì tọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n wá kàn. Igun sí igun ni wọ́n ń wọn íǹṣì, kì í ṣe ìbú. Ojú 65 íǹṣì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 144, ó sì ga tó 81. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè gbé e délé kó wá rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, tó wà ní ìkángun ọ̀tún àti òsì, yọ kúrò lórí tábìlì tí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ wà. Àmọ́ ìyẹn kéré. Àṣìṣe gidi ni pé a kì í wọn àyè tó wà láàárín àga àti ògiri. Ẹ fi tépù káfíńtà wọ̀n ọ́n láti ibi tí ojú yín máa wà, kì í ṣe láti ẹsẹ̀ àga. Fún sinimá inú ilé, ẹ fi 1.6 sọ iye íǹṣì di púpọ̀, kí ẹ wá fi 12 pín in. Ohun tó bá jáde ni iye ẹsẹ̀ bàtà tó yẹ kí ẹ fi jìnnà sí i. 55 íǹṣì á fún yín ní bíi ẹsẹ̀ bàtà méje àti díẹ̀, 65 á fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mẹ́sàn-án, 75 á jẹ́ mẹ́wàá gééré.

Ohun tí ìṣirò yìí ń fi hàn ni pé ọ̀nà méjì la ń gbà ṣì í. Ẹni tó ń gbé yàrá kan ní ilé “face me I face you” á gbé 75 sí iwájú bẹ́ẹ̀dì, á sì máa yí ọrùn kiri láti wá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó kọ́ ilé ńlá l'Ábẹ́òkúta, tí pálọ̀ rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlógún, á fi 50 sára ògiri tó jìnnà réré, á wá máa ní 4K, àwòrán tó yẹ kó mọ́ ju Full HD lọ, kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ló sọ! Ojú èèyàn tó dá pé kò lè rí ìyàtọ̀ Full HD àti 4K lójú 55 íǹṣì mọ́ bí ó bá ti jìnnà tó bíi ẹsẹ̀ bàtà méje. Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ fi tépù bébà lẹ ìbú àti gíga ẹ̀rọ náà mọ́ ògiri, kí ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ṣáà sàn ju kéèyàn máa bá ọlọ́jà fa ọ̀rọ̀ ìdápadà lọ.

Ẹ gbé e sí ibi tó bá ojú yín mu nígbà tí ẹ bá jókòó, ìyẹn ni pé kí àárín rẹ̀ wà ní nǹkan bíi mítà kan sí ilẹ̀. Àṣà kí a gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àjà, ilé ìfowópamọ́ àti ilé oúnjẹ la ti kọ́ ọ, níbi tí èèyàn ti ń dúró. Ní ilé, ọrùn ló ń san án.

4K jẹ́ 3840 lórí 2160, ìyẹn ààmì tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Full HD, 1920 lórí 1080, kò ju mílíọ̀nù méjì àti díẹ̀ lọ. Ó dára, àmọ́ kí ni ẹ fẹ́ fi bọ́ ọ? Àwọn fíìmù Yorùbá tí a kó jọ sórí VCD láyé ọjọ́un, 352 lórí 288 ni àwòrán wọn. Ìyẹn kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rin ohun tí ojú 4K lè gbà. Lórí tẹlifíṣọ̀n ìdí ńlá àtijọ́ tó jẹ́ 21 íǹṣì, wọ́n dán. Lórí 75, ojú òṣèré á máa fọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹ bá jókòó sítòsí. Ẹ̀bi ẹ̀rọ kọ́. Bí ó bá jẹ́ irú wọn àti ìkànnì tí kì í ṣe HD lẹ ń wò jù, ẹ má fi owó yín ṣòfò lórí ojú tó tóbi jù, ẹ mú èyí tó ṣe déédéé, kí ẹ fi ìyókù ra ohun tó ń gbé ohùn jáde.

Mo tún ń rí i ní ilé àwọn tó lówó lọ́wọ́: dẹkódà HD, tẹlifíṣọ̀n olówó iyebíye, àmọ́ wáyà olórí mẹ́ta, yẹ́lò, pupa, funfun, ló so àwọn méjèèjì pọ̀. Wáyà yẹn kò lè gbé HD rárá, láéláé. Wáyà HDMI, tó ń gbé àwòrán HD àti ohùn pọ̀, ni kí ẹ lò. Ẹ ka ojú HDMI tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ kí ẹ tó rà á, nítorí dẹkódà fẹ́ ọ̀kan, gẹ́ẹ̀mù fẹ́ ọ̀kan, soundbar, ìyẹn sípíkà gígùn tó ń jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, fẹ́ èyí tí wọ́n kọ ARC tàbí eARC sí. Ẹ̀rọ tó ní méjì péré á ti kún. Ẹ sì ra soundbar náà o. Ojú tẹlifíṣọ̀n òde òní ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù, kò sí àyè tí sípíkà tó nítumọ̀ máa wọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹni tó sì ní Netflix lòun fẹ́ máa wò, kó mọ̀ pé ètò tó wọ́n jù lọ nìkan ló ní 4K, pé íntánẹ́ẹ̀tì tó tó 15 Mbps ni wọ́n ní kó ní, àti pé wákàtí kan lè jẹ dátà tó gígábáìtì méje. Fíìmù oníwákàtí méjì, gígábáìtì mẹ́rìnlá. Ẹ fi iye tí ẹ ń ra dátà ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Ọ̀rọ̀ “smart” náà wà níbẹ̀, ìyẹn tẹlifíṣọ̀n tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan tí kò wọ́n máa ń ní Android lójú, àmọ́ wọn kò ní àṣẹ Google, wọn kò sì ní àṣẹ Netflix. Ẹ lè rí àwòrán Netflix lórí wọn, kó má ṣí, tàbí kó ṣí kó má gbé HD. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi hotspot fóònù yín sí i kí ẹ ṣí i lójú ẹni tó ń tà á. Kódà àwọn tó ní àṣẹ ń gbó: ní oṣù Kejìlá 2019, Netflix kúrò lórí àwọn Samsung kan tó ti pẹ́. Ojú tó dáa lè lo ọdún mẹ́wàá, ọpọlọ inú rẹ̀ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ojú ni kí ẹ fi owó rà. Bí ọpọlọ bá gbó, ẹ lè ki stick kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ smart bọ HDMI. Ti 3D ńkọ́? Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti pa á tì láti bíi 2017, bí ẹnikẹ́ni bá ń fi jígí rẹ̀ polówó tòkunbọ̀ fún yín, ẹ rẹ́rìn-ín kí ẹ kọjá. 8K tó ju 4K lọ náà, ẹ ṣì lè fi sílẹ̀, ohun tí èèyàn máa wò lórí rẹ̀ kò tíì tó nǹkan.

Àwọn ẹbí wa tó wà ní Amẹ́ríkà máa ń fẹ́ fi tẹlifíṣọ̀n sínú kóńtínà ránṣẹ́ sílé. Kí wọ́n kọ́kọ́ ya fọ́tò ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 100-240V, 50/60Hz síbẹ̀, kò séwu. Bí ó bá jẹ́ 120V nìkan, ọjọ́ tí wọ́n bá so ó mọ́ iná wa láìsí transformer ni ọjọ́ ikú rẹ̀. Ohun kejì tí wọn kì í rò ni pé ATSC ni ẹ̀rọ Amẹ́ríkà fi ń gba ìkànnì afẹ́fẹ́, DVB-T2 sì ni tiwa, nítorí náà dẹkódà ni yóò gbẹ́kẹ̀ lé. Ti Ìlú Ọba kò ní wàhálà iná, 230V kan náà la jọ ń lò.

Iná gan-an ló ń pa tẹlifíṣọ̀n jù ní ilẹ̀ wa. Wọ́n ti pín NEPA, wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n ti tà á, síbẹ̀ “Up NEPA!” làwọn ọmọdé ń ké, ìṣẹ́jú-àáyá tí wọ́n ń ké e yẹn gan-an ló léwu, torí pé iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń fò sókè. Ẹni tó ná owó ńlá lórí ojú 65 tó wá ń ṣahun TV guard kò ro ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dáadáa. TV guard á gé iná nígbà tó bá pọ̀ jù tàbí tó kéré jù, á sì dúró díẹ̀ kí ó tó dá a padà. Bí iná àdúgbò yín bá ń lọ sókè-sódò ní gbogbo ìgbà, ẹ fi sítábíláísà kún un. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní “I better pass my neighbour” lè gbé tẹlifíṣọ̀n, òótọ́ ni, àmọ́ iná rẹ̀ máa ń gbọ̀n. Ẹ má so ó mọ́ ọn tààrà. Ẹ wo iye wáàtì tó wà lára ẹ̀rọ pẹ̀lú, kí ínfátà yín má baà kú ní àárín eré.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ rà á, kí wọ́n ṣí páálí lójú yín, kí wọ́n tan ẹ̀rọ inú rẹ̀ gan-an, kì í ṣe ẹ̀rọ tó wà lórí pẹpẹ. Ẹ wo ojú funfun gbòò fún ààmì dúdú, kí ẹ wo ojú dúdú fún ìlà. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ (serial number) ẹ̀yìn ẹ̀rọ àti ti ara páálí gbọ́dọ̀ bára mu. Bí kò bá bára mu, ó lè jẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n kàn wá páálí fún. Ní òró ni kí ẹ gbé e lọ sílé, kí ẹnì kan dì í mú lẹ́yìn ọkọ̀. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ tí ọkọ̀ wọ kòtò, ojú rẹ̀ lè là láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, wáràǹtì kì í sì í sábà gba ojú tó là. Owó ojú tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ẹ̀rọ. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fi páálí náà ṣeré ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, páálí àti rìsíìtì ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.